Ẹni Tó Ń Gé Koríko Lórí Ọba

Bàbá Gumede kú ní oṣù kejì ọdún yìí, ní ilé ìwòsàn kan ní àárín ìlú Atlanta, lórí bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Nomvula ọmọ rẹ̀ ni àbúrò mi, Saubana, fi ṣe aya. Bàbá náà wá kí wọn ni, àìsàn sì dá a dúró. Wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé òkú rẹ̀ lọ sílé, sí ìlú KwaDukuza ní South Africa, wọ́n sin ín, wọ́n sì fi fọ́tò ránṣẹ́. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ti parí.

Oṣù kẹsàn-án ni Nomvula wá bá mi nílé mi ní Conyers. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi dáadáa, nítorí èmi ni mo kọ́ ọ. Nígbà tó kọ́kọ́ wọ ilé wa, ṣe ló máa ń juwọ́ sí àgbà bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Mo sọ fún un pé lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó rí àgbà tí kò kí i, bí ìgbà tó gbá a létí ni. Láti ìgbà yẹn, ó ti mọ èèyàn í kí ju ọmọ tí wọ́n bí sí Ìbàdàn lọ. Bó bá rí obìnrin tó wé gèlè, orúnkún rẹ̀ á ti tẹ̀ kó tó mọ ẹni tí onítọ̀hún jẹ́.

"Aunty," ó ní, "bàbá mi ò tíì délé."

"Bàbá wo?"

"Bàbá mi. Òkú wọn ló délé. Àwọn fúnra wọn ṣì wà níbí. Màmá mi ń lá àlá wọn. Wọ́n dúró lẹ́nu géètì kan, wọ́n ń bèèrè ọ̀nà, géètì yẹn kì í sì í ṣe ti ilé wa."

Mo wò ó. Mùsùlùmí ni mí. Mo wà lára àwọn tó ń wẹ òkú obìnrin ní mọ́ṣáláṣí wa, ọwọ́ mi sì ti kan òkú tó pọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó kú ti lọ, kò dúró lẹ́bàá fèrèsé kankan. Ṣùgbọ́n bí mi ò bá mọ ìdí nǹkan, oorun kì í kùn mí. Bí mo ṣe mọ̀wé nìyẹn náà. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ara páálí ọṣẹ àti ara ọkọ̀ ni mo ti kọ́ ọ, nítorí mo máa ń bèèrè pé kí lèyí ń wí. Mo ní kó jókòó, kó sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ tiwọn.

Ó ní igi kan wà. Wọ́n á gé ẹ̀ka rẹ̀, ẹnì kan nínú ẹbí á gbé e lọ síbi tí olóògbé kú sí gan-an, kì í ṣe ìtòsí ibẹ̀. Á fi orúkọ àti oríkì ìdílé pè é, á sọ fún un pé ó tó àkókò láti lọ. Olóògbé náà á gun ẹ̀ka náà bí ẹni gun ọkọ̀. Bí wọ́n bá dé afárá, wọ́n á sọ fún un pé afárá nìyí. Bí wọ́n bá wọ mọ́tò, wọ́n á fún un ní ìjókòó tirẹ̀.

"Ẹni tó gbé e ò gbọdọ̀ bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ títí tó fi máa délé," ó ní. "Òkú nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. Bó bá dá ẹlòmíràn lóhùn, òkú á sọ̀kalẹ̀, á padà síbi tí wọ́n ti mú un."

"Nínú ọkọ̀ òfuurufú ńkọ́? Bí wọ́n bá bi ẹ́ pé ẹran ni àbí ẹja?"

"Saubana á máa sọ̀rọ̀ fún mi. Òun ló ń sìn mí lọ."

"Kí ni wọ́n ń pe igi náà?"

"Umlahlankosi. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni igi tí ń sin ọba. Òun ni wọ́n fi ń bo ibojì ọba láyé àtijọ́."

"Ọba wo?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Aunty, ẹ mọ ọ̀kan nínú wọn. Koríko rẹ̀ ni bàbá mi ń gé."

Lóòótọ́ ni. Nígbà tí Bàbá Gumede wà lọ́dọ̀ wọn ní Stockbridge, èmi ni mo máa ń fi bọ́ọ̀sì mi gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Iṣẹ́ mi nìyẹn, mo máa ń gbé arúgbó àti aláìsàn lọ síbi ìtọ́jú. Ojú ọ̀nà ni mo ti bi í níṣẹ́ tó ń ṣe nílé. Ó ní koríko lòun ń gé níbi tí wọ́n sin Ṣaka sí, ọba àwọn Súlúù. Wọ́n gbé òkúta ìrántí kan kalẹ̀ níbẹ̀, ọgbà yí i ká, àlejò sì máa ń wá wò ó láti ibi gbogbo.

"Wọ́n á ti sin ín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ," mo ní.

"Wọn ò sin ín dáadáa rárá," ó ní. "Àwọn ọmọ bàbá rẹ̀ ló gún un pa. Wọ́n ní inú kòtò tí wọ́n máa ń kó ọkà sí ni wọ́n gbé e sí, tí wọ́n sì bò ó mọ́lẹ̀ kíákíá. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí àwọn èèyàn rẹ̀ tó gbé òkúta ìrántí yẹn lé e."

Ó yà mí lẹ́nu pé ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ọba kì í kú, ó wọ àjà ni. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo bi bàbá mi pé àjà ilé ta ló wọ̀, ṣé àkàbà ló fi gùn ún. Ìfọ́tí ni mo gbà. Bẹ́ẹ̀, ìbéèrè ni mo bi í.

"Ṣé lóòótọ́ ni ọba wà lábẹ́ òkúta yẹn?" mo bi Bàbá Gumede.

"Gbogbo àlejò ló ń bi mí bẹ́ẹ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé èmi ò gbẹ́ ibẹ̀ wò. Koríko ni mo mọ̀."

Nítorí ìdáhùn yẹn ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní lọ́dọọdún, nínú oṣù kẹsàn-án, àwọn èèyàn ńláńlá máa ń wá ki ọba náà ní oríkì láti àárọ̀ títí oòrùn á fi mú, òun á sì dúró lẹ́bàá ògiri pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgékoríko òun. "Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ tán, wọ́n á lọ," ó ní. "Koríko kì í lọ." Ó tún ní àwọn ìdílé òun, àwọn Qwabe, wà lára àwọn tí Ṣaka ṣẹ́gun nígbà ayé rẹ̀. "Ó borí wa. Ní báyìí, èmi ni mò ń ti ẹ̀rọ kọjá lórí rẹ̀. Ọmọ mi, ta ló wà lókè?" Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á.

Nítorí náà, nígbà tí Nomvula ní kí n bá òun lọ, kí n jẹ́ ẹnu fún òun láti ilé ìwòsàn dé pápákọ̀ òfuurufú, mo gbà. Saubana wà lẹ́nu iṣẹ́, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà, láti Savannah ló ti máa wá bá wa ní pápákọ̀. Àbúrò bàbá Nomvula ti bá àwọn tó ń yẹ ẹrù wò ní ẹnubodè wọn lọ́hùn-ún sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ka, wọ́n sì ti fún un ní àṣẹ. Ìṣòro kan ṣoṣo tó kù ni pé igi náà ò sí ní Georgia, ìpínlẹ̀ tí à ń gbé.

Nomvula fi fọ́tò rẹ̀ hàn mí lórí fóònù. Ẹ̀gún rẹ̀ jẹ́ méjìméjì, ọ̀kan gún gbọọrọ, ìkejì tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Ó ní àwọn àgbà wọn máa ń sọ pé èyí tó gún ń tọ́ka síbi tí èèyàn ń lọ, èyí tó tẹ̀ ń tọ́ka síbi tó ti wá. Ọ̀rọ̀ dídùn nìyẹn, mo fi í sílẹ̀ fún wọn. Ewé rẹ̀ ni mò ń wò. Iṣan mẹ́ta ló ti ìdí rẹ̀ wá. Mo mọ ewé yẹn. Ó jọ sídírì, ewé tí a máa ń lọ̀ sínú omi tí a fi ń wẹ òkú.

Mo gbé Nomvula lọ sọ́dọ̀ Hanifah ní Clarkston. Ará Afghanistan ni, àwa méjèèjì la jọ máa ń wẹ òkú. Igi kan wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ tó ń so èso pupa kéékèèké, ó sì ti sọ fún mi rí pé ìbátan sídírì ni. Nomvula ya fọ́tò ẹ̀ka rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí àbúrò bàbá rẹ̀. A dúró lábẹ́ igi náà. Nígbà tó yá, fóònù dún, ọkùnrin náà sì sọ̀rọ̀ díẹ̀.

"Kí ló wí?" mo bi í.

"Ó ní àbúrò igi wa ni. Ó ní ẹni tí kò bá bá ẹ̀gbọ́n nílé, kó jíṣẹ́ fún àbúrò."

Hanifah mú ọ̀bẹ wá. "Ta ló kú?" ó bi mí.

"Ẹni tí wọ́n ti sin. Ó fẹ́ lọ sílé ni."

"Ta ni kò fẹ́?" Hanifah ní, ó sì gé ẹ̀ka náà.

Lọ́jọ́ ìrìnàjò, a dé ilé ìwòsàn láàárọ̀. Ọ̀sán ni ọkọ̀ òfuurufú wọn máa gbéra. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣe olórí ní wọ́ọ̀dù náà mọ Nomvula láti ìgbà àìsàn bàbá rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀dì náà ṣófo, ṣùgbọ́n kí a má pẹ́, aláìsàn kan ń bọ̀.

Nomvula gbé ẹ̀ka náà lé orí bẹ́ẹ̀dì. "Gumede," ó ní. "Qwabe. Mnguni." Ó dúró. Oríkì náà gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ti ń kọ́ ọ láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ṣùgbọ́n ó ti fò lọ lórí rẹ̀. Ó sọ gbólóhùn kan ní èdè wọn, ó gbé ẹ̀ka náà, a sì jáde. Mo ń lọ níwájú. Mo gbọ́ tó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nínú lífítì, mo sì mọ̀ pé ó ń sọ fún un pé a ń lọ sísàlẹ̀.

Lífítì ṣí. Ìyá Tẹniọlá ló dúró níwájú wa, àgbà obìnrin ará ìlú wa kan, tó wá rí dókítà ojú. Gèlè aláwọ̀ ewé ló wé.

"Ìyàwó Saubana," ó ní. "Ojú rẹ rèé? Ṣé àlàáfíà lẹ wà?"

Mo ti la ẹnu, ṣùgbọ́n orúnkún Nomvula yá ju ẹnu mi lọ. Ó ti kanlẹ̀. "Àlàáfíà ni ma. Ẹ káàárọ̀ ma. Ṣé dáadáa lẹ jí? Àwọn ọmọ ńkọ́ ma?"

Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ó wo ẹ̀ka tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì dìde.

"Kí ló ṣe é?" Ìyá Tẹniọlá bi mí. "Ṣé mo sọ nǹkan tí kò dáa ni?"

"Rárá, ma. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọ ló mọ̀ jù."

Lórí ìkúnlẹ̀ yẹn ni Nomvula ti sọ fún mi pé bàbá òun ti sọ̀kalẹ̀, pé ó ti padà sókè. Mi ò bá a jiyàn. Mo gbà á lápá, a tún wọ lífítì.

Ẹnì kan ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì náà. Bàbá arúgbó kan ni, dúdú bíi tiwa, ọmọ Amẹ́ríkà, rọ́bà atẹ́gùn wà nímú rẹ̀. Nathaniel lorúkọ tí wọ́n kọ sára ògiri. Nọ́ọ̀sì fà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Kò ṣeé ṣe mọ́," ó ní. "Ẹ ò lè lọ sọ fún aláìsàn pé ẹnì kan kú síbi tó sùn sí. Bó bá jẹ́ dandan, ẹ sọ pé ará ṣọ́ọ̀ṣì ni yín, pé ẹ wá gbàdúrà fún un."

"Aunty, ẹ jọ̀ọ́," Nomvula ní. "Ẹ sọ pé àdúrà ni. Bí mo bá dé ilé láìsí wọn, kí ni mo fẹ́ sọ fún màmá mi?"

Mo rò ó. Bí mo bá pè é ní àdúrà, bàbá yìí á di ojú, á máa retí pé nǹkan tirẹ̀ là ń bẹ̀bẹ̀ fún, àwa á sì máa pe ẹlòmíràn lórí rẹ̀. Èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí arúgbó. Mo wọlé.

"Ẹ káàárọ̀, sà," mo ní. "Bàbá kan kú lórí bẹ́ẹ̀dì yìí ní oṣù kejì. Ọmọ rẹ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ó fẹ́ mú un lọ sílé, ibi tí ẹ sùn sí yìí gan-an ló sì ti gbọ́dọ̀ pè é. Bí ẹ bá ní rárá, a ó lọ."

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ bojú. Bàbá Nathaniel wò mí, ó wo ẹ̀ka náà àti ẹ̀gún ara rẹ̀.

"Ṣé ó wà níbí báyìí?"

"Èmi ò mọ̀, sà. Ọmọ rẹ̀ ló ní ó wà níbẹ̀."

"Mo ti ń rò ó pé bẹ́ẹ̀dì yìí há," ó ní. "Ibo ló ń lọ?"

"South Africa."

"Ó sàn fún un. Èmi, ìsàlẹ̀ ni mò ń lọ, wọ́n fẹ́ ya fọ́tò àyà mi. Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Koríko ló ń gé lórí ibojì ọba."

Ó ní kí Nomvula wọlé, kó sọ ti ọba náà fún òun. Nomvula sọ ọ́ níwọ̀nba: àwọn ọmọ bàbá rẹ̀, kòtò ọkà, òkúta tó pẹ́ kó tó dé.

"Ta ló wá gbé ọba náà?" Bàbá Nathaniel bi í. "Ta ló mú ẹ̀ka wá fún un?"

Nomvula wò mí. Ó hàn pé kò sẹ́ni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí. "Mi ò mọ̀, sà. Ìlú rẹ̀ ló kú sí. Bóyá ẹni tó kú sílé ò nílò ẹ̀ka."

"Ọwọ́ ará ilé rẹ̀ náà ló sì kú sí." Bàbá náà mirí. "Ó dáa. Pe bàbá rẹ. Sọ fún un pé èmi kọ́ ni mo lé e o."

Nomvula gbé ẹ̀ka náà lé ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ bàbá náà lórí bẹ́ẹ̀dì. "Gumede. Qwabe. Mnguni." Ó tún dúró. Ibẹ̀ náà ló ti gbàgbé. Omi ń bọ̀ lójú rẹ̀, ó kọjú sí mi, àmọ́ èmi ò mọ oríkì tiwọn, ká ní mo mọ̀ ọ́n pàápàá, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kì í.

"Fi oríkì sílẹ̀," mo ní. "Sọ ohun tó kàn án fún un."

Ó mí kanlẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ ní èdè Súlúù, kò gùn. Lẹ́yìn tí wọ́n délé ni Saubana sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún mi lórí fóònù, bí ìyàwó rẹ̀ ṣe sọ ọ́ fún un. Ohun tó sọ ni pé: "Bàbá, koríko ti ga. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò yín kì í gé etí òkúta dáadáa. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Ẹ̀ka náà ò mì. Atẹ́gùn kankan ò fẹ́, mo wò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n Bàbá Nathaniel ká ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó fà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí èèyàn ṣe ń ṣe nínú bọ́ọ̀sì bí ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé bá fẹ́ kọjá. Ó fi wọ́n síbẹ̀ títí a fi jáde.

Ìyá Tẹniọlá ṣì wà nísàlẹ̀. Ó ti jókòó, ó ń dúró dè wá kó lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo sáré ṣíwájú.

"Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ má kí i."

"Kí n má kí ìyàwó wa? Kí ló ṣe mí?"

"Bàbá rẹ̀ ló gbé dání. Bó bá dá yín lóhùn, bàbá á bọ́ sílẹ̀."

Ó wo ọwọ́ Nomvula, ó wo ojú mi bóyá mò ń ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó rí i pé n kò ṣe yẹ̀yẹ́, ó dìde, ó fi etí gèlè rẹ̀ bo ẹnu, ó sì kọjú sí ògiri títí a fi kọjá. Ọlọ́run á dá a lọ́lá.

A fún ẹ̀ka náà ní ìjókòó iwájú, mo de bẹ́líìtì mọ́ ọn. Nomvula jókòó sẹ́yìn, ó ń sọ fún bàbá rẹ̀ pé afárá nìyí, pé ọkọ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà, pé kó má bínú. Ìbéèrè kún ikùn mi. Mo fẹ́ bi Nomvula bóyá ẹ̀ka náà wúwo ju ti ìṣáájú lọ. Mo fẹ́ bi í bí èèyàn ṣe ń mọ̀. N kò lè bèèrè nǹkan kan. N ò rí irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Saubana ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pápákọ̀ pẹ̀lú àpótí wọn. Mo ti kìlọ̀ fún un lórí fóònù. Ó mi orí sí ìyàwó rẹ̀, kò sọ̀rọ̀, ó gba pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ rẹ̀. Nomvula tú bẹ́líìtì, ó gbé ẹ̀ka náà, ó sì kọjú sí mi.

Ọ̀rọ̀ 'ó dàbọ̀' ti wà lórí ahọ́n mi. Ẹni ọdún mélòó ni mí, tí mi ò tíì rí ẹni tó ń rìnrìn àjò kí n má kí i? Mo la ẹnu. Nomvula wò mí, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí. Orúnkún rẹ̀ ti fẹ́ tẹ̀, ó ń dì í mú. Bí mo bá sọ ọ́, ó máa dáhùn, mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo pa ẹnu dé.

Mo wá kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀ka igi náà, lórí sìmẹ́ńtì, láàárín àwọn mọ́tò. "Bàbá Gumede," mo ní, "ẹ rìn re o, sà. Ẹ bá mi kí ọba."

Nomvula ò dáhùn. Ó yí padà, ó wọlé, Saubana tẹ̀ lé e. Láti ìgbà tó ti wọ ilé wa, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo sọ̀rọ̀ tí kò fèsì, inú mi sì dùn sí i.

Ọ̀gbẹ́ni tó ń darí ọkọ̀ níbẹ̀ ti ń fọn fèrè sí mi. Ó súnmọ́ mi.

"Màdáàmù, ẹ gbé ọkọ̀ yín kúrò. Ta lẹ kúnlẹ̀ fún?"

"Àna wa ni," mo ní.

Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, kò rí ẹnì kankan. "Ibo ló wà?"

Mo dìde, mo gbọn eruku orúnkún mi.

"Ó ti wọlé."